Orí Kẹrin: Ẹ̀kán Kan, Kí O Tó Kán Èkejì

Fa omi bọ́hóòlù sínú korobá funfun ní Ìkòròdú nírọ̀lẹ́, má bò ó, kí o sì lọ sùn. Bí o ṣe fà á, ó mọ́ gaara, bí owó ẹyọ bá jábọ́ sínú rẹ̀ o máa rí i. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi mọ́, nǹkan pupa rẹ́súrẹ́sú kan á ti sùn sí ìdí korobá, òmíràn á sì ti fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí òrùka. Kì í ṣe gbogbo bọ́hóòlù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pẹ́ ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ mọ ilé tí tiwọn ń ṣe é: táìlì balùwẹ̀ wọn ti pọ́n, yúnífọ́ọ̀mù funfun ọmọ wọn ti di àwọ̀ tíì. Àwọn ìyá wa máa ń ní omi náà ti dógùn-ún, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Irin ló yọ́ sínú omi náà lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Ìgbà tó jáde tó fojú kan afẹ́fẹ́ ló para dà, tó wá di ohun tí omi kò lè gbé mọ́. Mílígíráàmù irin 0.3 péré nínú lítà omi kan ni òṣùwọ̀n omi mímu Nàìjíríà gbà láàyè. Tó bá ti ju ìyẹn lọ, aṣọ funfun á kọ́kọ́ sọ fún ọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú korobá yẹn náà ni a fẹ́ ṣe nínú láàbù, àmọ́ a ò ní dúró dọjọ́ kejì. Álíkálì, ìyẹn kọ́sítíìkì sódà tàbí amóníà, ni a máa kán sí omi iyọ̀ mẹ́tà, kíá ni nǹkan á sì dì lójú wa. Nǹkan tó dì yẹn ni ìwé kẹ́mísìrì ń pè ní precipitate. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni èmi ń pè é nígbà tí mo bá ń kọ́ni, bí a ṣe ń pe ti ìsàlẹ̀ akèrègbè ẹmu, kò sì sí ọmọ tó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ rí. Ẹni tó bá ti bá ìyá rẹ̀ sẹ́ ògì mọ bó ṣe máa ń rí: ògì á tòrò sísàlẹ̀, omikan á dúró lókè. Ibi tí tiwa ti yàtọ̀ nìyí: ògì kò fìgbà kan yọ́ sínú omi, ó kàn ń fò káàkiri inú rẹ̀ ni, ó ń wá ibi tó máa sùn sí. Iyọ̀ mẹ́tà tiwa yọ́ pátápátá, ojú kò rí i, asẹ́ kò lè mú un. Álíkálì ló dé tó fi nǹkan tuntun ṣe é.

Bí a bá fẹ́ kọ ọ́ bí kẹ́mísìrì ṣe ń kọ ọ́, ti bàbà rèé: Cu²⁺ + 2OH⁻ → Cu(OH)₂. Bàbà wà nínú omi, OH wá láti inú álíkálì, àwọn méjèèjì so mọ́ra, ohun tí wọ́n bí kò sì lè gbé inú omi. Ìyókù orí yìí kò ju pé ká mọ bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ mẹ́tà kọ̀ọ̀kan ṣe rí, àti ohun tó máa ṣe bí a bá kán álíkálì sí i lápọ̀jù.

Ìdí tó fi kàn ọ́ ni pé WAEC á bi ọ́. Paper 3 kẹ́mísìrì, èyí tí gbogbo wa ń pè ní práktíkà, jẹ́ wákàtí 2, ìbéèrè 3, máàkì 50. Àkọ́kọ́ ni títíréṣọ̀n. Èkejì ni wọn á ti gbé iyọ̀ kan tí kò lórúkọ fún ọ, tí wọn á ní kí o wádìí ohun tó wà nínú rẹ̀. Mẹ́jọ péré ni àwọn tí wọ́n lè fi pamọ́ fún ọ ní apá yìí: bàbà, irin oríṣi méjì, síǹkì, alumíníọ̀mù, òjé, kálísíọ̀mù àti amóníọ̀mù. Ẹni tó bá mọ ojú àwọn mẹ́jọ yìí kò ní nǹkan tó ń bà á lẹ́rù nínú ìbéèrè kejì. Àmọ́ kí o há wọn sórí nìkan kò tó. Mo ti rí àwọn ọmọ tó lè ka gbogbo wọn láìwo ìwé, tí wọ́n sì pàdánù nídìí test tube, torí pé ọwọ́ wọn yá ju ojú wọn lọ.

Kí o tó dé ibẹ̀

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ díẹ̀ níbí, kí ọmọ ilé-ìwé ṣì dúró ná.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ní ilé-ìwé kan tí mi ò ní dárúkọ, ọjọ́ mọ́ọ̀kì ku ọ̀la, distilled water, ìyẹn omi tí wọ́n sè tí wọ́n gba ooru rẹ̀, tán nínú láàbù. Ẹni tó ń ràn mí lọ́wọ́ fa omi láti ẹnu ẹ̀rọ, ó fi po kọ́sítíìkì sódà, ó dà á sínú àwọn ìgò, ó lọ sílé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nǹkan pupa wẹ́wẹ́ ti wà nísàlẹ̀ gbogbo ìgò. Irin bọ́hóòlù wa ti pàdé kọ́sítíìkì lóru láìsí ẹlẹ́rìí. Kálísíọ̀mù ni iyọ̀ ọjọ́ náà. Ó ju ìdajì kíláàsì lọ tó kọ irin, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi, ohun tí wọ́n rí ni wọ́n kọ. Látìgbà náà, mo máa ń kọ́kọ́ kán kọ́sítíìkì sínú omi lásán, kí n tó jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kàn án. Bí omi lásán bá ṣú, omi yẹn kò wúlò fún wa.

Bí kò bá sí ẹ̀rọ tí ń gba ooru omi, omi bátìrì tí àwọn tó ń ṣe bátìrì ọkọ̀ ń tà lè gbà yín sílẹ̀. Ẹ ka ara ìgò rẹ̀ dáadáa, torí pé ásíìdì bátìrì wà lórí àtẹ kan náà, ìgò wọn sì jọra. Omi tó ń kán láti ara ẹ̀rọ amúlétutù náà dára tí ẹ bá fi ohun tó mọ́ gbè é. Omi inú ọ̀rá kò dára fún iṣẹ́ yìí. Ó dára lẹ́nu, ṣùgbọ́n iyọ̀ wà nínú rẹ̀.

Kọ́sítíìkì ńkọ́? Gíráàmù 8 nínú omi 100 cm³ ló ń fún wa ní mólù 2, ìyẹn sì ló tọ́. Omi ni ẹ máa kọ́kọ́ bù, kí ẹ wá máa da kọ́sítíìkì sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó, torí pé ó máa gbóná débi tí ọwọ́ ò ní lè di ìgò náà mú. Ẹ má da omi lé kọ́sítíìkì lórí láé. Ẹ má pò ó nínú ìkòkò alumíníọ̀mù, ó máa jẹ ẹ́ tán ni, gáàsì tó ń gbaná á sì jáde. Àwọn ìyá tó ń ṣe ọṣẹ mọ èyí ju àwa tó ka ìwé lọ. Kí ìdérí ìgò jẹ́ rọ́bà. Bó bá jẹ́ gíláàsì, á lẹ̀ pa, ẹ ó sì fọ́ ìgò kí ẹ tó ṣí i. Kọ́sítíìkì tó ti pẹ́ lábẹ́ ìdérí tí kò dé dáadáa, tí nǹkan funfun ti yí ẹnu ìgò rẹ̀ ká, ti gba carbon dioxide látinú afẹ́fẹ́, apá kan rẹ̀ ti di káábọ́nétì, á sì máa parọ́ fún yín lórí kálísíọ̀mù.

Amóníà tiwa ní Èkó kò fẹ́ràn ooru. Ìgò ńlá tó lágbára, èyí tí wọ́n kọ 0.880 sí lára, máa ń kó agbára jọ sábẹ́ ìdérí nígbà tí iná ọba bá lọ tí yàrá gbóná. Ẹ gbé e sínú omi tútù kí ẹ tó ṣí i, kí ẹ yí ojú kúrò, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí. Bí ẹ bá bu 110 cm³ nínú rẹ̀ sí omi títí tó fi pé lítà kan, mólù 2 nìyẹn. Èyí tí ẹ bá pò lóṣù tó kọjá ti lè di omi lásán. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ látòkèèrè, kí ẹ fi ọwọ́ fẹ́ ẹ wá sí imú, bí kò bá ta yín nímú, ẹ pò tuntun.

Iyọ̀ irin oníméjì, ìyẹn ferrous sulphate, ni kí ẹ pò kẹ́yìn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò gan-an, kí ẹ kán sulphuric acid tí a ti là díẹ̀ sí i. Bí ẹ bá pò ó ní àná, ó ti ń di irin onímẹ́ta lọ. Ọmọ tó bá sì kọ òótọ́ nípa ohun tó rí yóò gba òdo.

Ẹ̀yin tó ń ra kẹ́míkà ní Ọjọ́ta, ẹ mọ bí ọjà ṣe rí. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kí ẹ sì dán an wò nílé kó tó di ọjọ́ tó ṣòro.

Ẹ̀kán

Ó yá, ọmọ ilé-ìwé, padà wá.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni mo dúró lẹ́yìn ọmọkùnrin kan ní Ẹ̀pẹ́ nígbà tí a ń dán práktíkà wò. Síǹkì ni mo fi sínú ìgò rẹ̀. Ó kọ "no precipitate" gàdàgbà.

"Kí lo rí?"

"Kò sí nǹkankan, sà."

"Ẹ̀kán mélòó lo kán sí i?"

Ó gbé dúrọ́pà sókè. Kò sí nǹkankan nínú rẹ̀ mọ́. "Gbogbo ẹ̀ ni, sà."

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ síǹkì dé, ó sì lọ, láàárín ìgbà tí ọmọ náà fi ń tẹ dúrọ́pà. Síǹkì máa ń yọ́ padà bí kọ́sítíìkì bá ti pọ̀ jù. Mo ní kó bu òmíràn, kó kán ẹyọ kan, kó dúró. Funfun yọ lójú omi bí èéfín. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo fi pamọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Bu omi iyọ̀ náà sínú test tube, kó má ju 2 cm³ lọ, bí ìbú ìka kan ní ìsàlẹ̀. Kán álíkálì ẹyọ kan. Mì ín pẹ̀lẹ́, fi ìka gbá ìdí rẹ̀ ni, má fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀. Wò ó. Kọ ohun tí o rí sílẹ̀ kí o tó kán èkejì. Kán an dé bíi márùn-ún. Ìgbà yẹn ni kí o tó máa dà á lọ́pọ̀, kí o máa mì ín, títí ohun tó wà nínú test tube fi tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí o fi bẹ̀rẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní excess. Bó bá ṣì kù díẹ̀ tí kò yọ́, kò tíì yọ́ nìyẹn. Má kọ pé ó yọ́ nítorí pé ó ti fẹ́lẹ́, omi tí o dà sí i ló là á.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun tó kéré máa ń sá pamọ́ lójú ìmọ́lẹ̀. Di ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi di ẹja fún ọ mú sẹ́yìn test tube, kí o súnmọ́ fèrèsé. Ọ̀rá dúdú yìí ti gba máàkì fún àwọn ọmọ mi ju ìwé kankan lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń pa àwọn ọmọ lára nínú máàkì. "Clear" àti "colourless" kì í ṣe ọ̀kan náà. Omi copper sulphate mọ́ gaara, búlúù sì ni. Bákan náà, kò sí ohun tó ń jẹ́ "white solution". Bó bá funfun, tí o kò lè rí òdìkejì rẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá sì ti bi ọ́ ní ohun tí o rí, ohun tí ojú rẹ rí ni kí o kọ. Orúkọ mẹ́tà ní ibi tirẹ̀, ní òpó kẹta, ti inference. Lẹ́yìn ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó funfun, o kò tíì mọ ẹni tó jẹ́, nítorí náà kọ gbogbo àwọn tó ṣeé ṣe kó jẹ́. Wọn á fún ọ ní máàkì fún iyèméjì tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Àwọn tó láwọ̀

Mẹ́ta ni wọ́n, wọn kì í sì í fi ara pamọ́.

Bàbà búlúù, ó dì jọ bí ẹ̀kọ tí kò tíì gan. Bí kọ́sítíìkì ṣe wù kó pọ̀ tó, kò ní yọ́. Àmọ́ amóníà ni ibi tó ti dùn ún wò: ẹ̀kán àkọ́kọ́ á mú búlúù ràkọ̀ràkọ̀ wá, tí o bá sì ń kán an lọ, gbogbo rẹ̀ á yọ́, á di omi búlúù tó jinlẹ̀ bí aró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìkòkò rẹ̀. Kò sí mẹ́tà mìíràn nínú àwọn mẹ́jọ yìí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá rí àwọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan kò tún nílò pé kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ.

Irin onímẹ́ta pupa rẹ́súrẹ́sú, bíi yẹ̀pẹ̀ ojú ọ̀nà tí wọn kò tíì da ọ̀dà sí láti Ìtòkín wọ inú ìgbèríko. Ohun kan náà ló wà níbẹ̀: irin tó ti fara kan afẹ́fẹ́ ló ń kun ilẹ̀ wa ní pupa. Kò yọ́ nínú kọ́sítíìkì, kò yọ́ nínú amóníà. Òun náà ló wà nísàlẹ̀ korobá tí a fi bẹ̀rẹ̀.

Irin oníméjì ní àwọ̀ ewé tó dọ̀tí, bí ewédú àná. Òun náà kò yọ́ nínú èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Fi test tube rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o padà wò ó: ẹnu rẹ̀ lókè, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kàn án, á ti máa pọ́n, ìsàlẹ̀ á ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé. Kọ ìyẹn sílẹ̀ pẹ̀lú. Bí o bá rí i, kò sí àríyànjiyàn mọ́.

Àwọn funfun mẹ́rin

Ibí ni ogun wà. Síǹkì, alumíníọ̀mù, òjé àti kálísíọ̀mù, gbogbo wọn ló ń fún wa ní funfun nínú kọ́sítíìkì. Ara wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jọra: ti síǹkì àti alumíníọ̀mù máa ń rọ̀, ó máa ń léfòó bíi kùrùkúrù. Ti òjé àti kálísíọ̀mù dà bí ẹfun tí wọ́n lọ̀. Àmọ́ má fi ìyẹn nìkan dájọ́.

Àpọ̀jù kọ́sítíìkì ló máa kọ́kọ́ pín wọn. Kálísíọ̀mù nìkan ni kò ní yọ́. Àwọn mẹ́ta yòókù á pòórá, omi á tún mọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé háídírọ́sáìdì wọn lójú méjì: bí ásíìdì bá dé, wọn á ṣe bí álíkálì, bí álíkálì tó lágbára bá dé, wọn á ṣe bí ásíìdì, wọn á tún gba OH mìíràn mọ́ra, wọn á padà sínú omi.

Bu omi iyọ̀ tuntun, kí o wá kán amóníà sí i. Kálísíọ̀mù kò ní fún ọ ní nǹkankan, torí pé OH inú amóníà kò tó nǹkan. Síǹkì á funfun, bó bá sì pọ̀ sí i, á yọ́. Alumíníọ̀mù àti òjé á funfun, wọn á sì dúró bẹ́ẹ̀ bí o ṣe wù kó o kán an tó. Àwọn ọmọ máa ń bi mí pé bí amóníà kò bá lágbára tó láti tú alumíníọ̀mù, báwo ló ṣe tú síǹkì? Kì í ṣe OH rẹ̀ ló tú u. Amóníà fúnra rẹ̀, NH₃, ló fa síǹkì mọ́ra, bó ṣe ṣe fún bàbà. Alumíníọ̀mù kò bá a tan.

Ó wá ku òjé àti alumíníọ̀mù nìkan, tí kọ́sítíìkì àti amóníà kò lè là láàárín wọn. Kán potassium iodide sí i. Òjé á di yẹ́lò bí ẹyin inú adìẹ, alumíníọ̀mù á dákẹ́. Tàbí kí o kán hydrochloric acid tí a ti là: òjé á funfun, bí o bá gbé e sórí iná á yọ́, bó bá tutù á padà wá. Nǹkan kan tún wà tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ń gbọ́: tí o bá ti rí i pé sulphate ló wà pẹ̀lú mẹ́tà náà nínú iyọ̀ tó yọ́ dáadáa sínú omi, yọ òjé kúrò nínú ọ̀rọ̀. Lead sulphate kì í yọ́ bẹ́ẹ̀. Nitrate ni òjé sábà máa ń bá wá sí ìdánwò.

Amóníọ̀mù ni ìkẹjọ. Kò ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rárá. Bí kọ́sítíìkì kò bá fún ọ ní nǹkankan, má ṣe da ìgò náà nù, yá a lórí iná díẹ̀, kí o gbé lítímọ́ọ̀sì pupa tó rin sí ẹnu rẹ̀. Bó bá di búlúù, tí imú rẹ sì ti sọ fún ọ kí lítímọ́ọ̀sì tó sọ, òun nìyẹn. Má jẹ́ kí ìwé náà kan ẹnu test tube níbi tí kọ́sítíìkì ti ta sí.

Álọ́ọ̀mù ọjà Sábó, àti ọ̀bẹ àgbẹ̀ kòkó

Bí ilé-ìwé rẹ kò bá ní iyọ̀ alumíníọ̀mù, ọjà ní. Ra álọ́ọ̀mù ní Sábó ní Ìkòròdú tàbí ní Ayétòrò ní Ẹ̀pẹ́, èyí tí wọ́n ń fi sínú omi tó dọ̀tí. Lọ̀ ọ́, pò ó, dà á sínú test tube, kí o ṣe gbogbo ohun tí mo sọ lókè. Ó máa jẹ́ ọ.

Ó tún dára kí o mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń rà á. Nígbà tí álọ́ọ̀mù bá wọ inú omi, álíkálì díẹ̀ tó wà nínú omi náà, báíkábọ́nétì, á sọ ọ́ di háídírọ́sáìdì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rírọ̀ kan náà tí o rí nínú test tube. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń gbá ẹrẹ̀ kéékèèké mọ́ra bí àwọ̀n, títí omi á fi tòrò. Ní Adíyàn àti Ìjú, níbi tí ìjọba Èkó ti ń sọ omi odò Ògùn di omi ẹ̀rọ, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, wọ́n sì máa ń fi láìmù sí i, torí pé álọ́ọ̀mù máa ń mú kí omi kan díẹ̀.

Ìyẹn ló jẹ́ kí álọ́ọ̀mù máa já àwọn kan kulẹ̀ ní agbègbè wa. Omi kànga wa sábà máa ń kan, álíkálì inú rẹ̀ kéré. Wọ́n á sọ álọ́ọ̀mù sí i, kò ní tòrò, wọ́n á tún sọ púpọ̀ sí i, á túbọ̀ kan, kò ní tòrò síbẹ̀. Ohun tí kò tó níbẹ̀ ni OH. Láìmù díẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi sí i. Ẹni tó bá ń ta ẹ̀rọ ìfọmi fún bọ́hóòlù onírin ń lo ọgbọ́n kan náà: á jẹ́ kí omi gba afẹ́fẹ́, á fi òkúta láìmù sí ọ̀nà rẹ̀ kó má kan mọ́, á wá fi iyanrìn sẹ́ pupa tó bá dì.

Ti bàbà tún gbòòrò ju láàbù lọ. Ní 1882, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Millardet ní ìlú Bordeaux ní Faransé ṣàkíyèsí pé èso àjàrà tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n po copper sulphate àti láìmù lé kí olè má bàa já a jẹ, kò ní àrùn tó ń pa ewé àwọn tó wà nínú oko. Ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1885. Àpòpọ̀ búlúù yẹn ni àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ wa fi bá àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú jà fún ọ̀pọ̀ ọdún: kílò kan copper sulphate, kílò kan láìmù, lítà omi 100, nínú dúrọ́ọ̀mù oníke, kó má jẹ́ ti irin. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá láìmù tó, wọ́n á ti ọ̀bẹ tó mọ́ bọ inú rẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá jáde pẹ̀lú àwọ̀ bàbà pupa lára, bàbà kan ṣì wà nínú omi tí kò tíì di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, á sì jó ewé. Wọ́n á fi láìmù kún un, wọ́n á tún ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. Mo fẹ́ràn ìdánwò yìí ju ti WAEC lọ. Kò gba máàkì, kòkó ló ń wò.

Ibi tí a ń dà á sí

Bàbà, síǹkì àti irin inú test tube rẹ kò tó nǹkan, omi púpọ̀ á gbé wọn lọ. Òjé kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í jẹrà, kì í tán, ọpọlọ ọmọdé ló ń bá jà. Ní Ògijó, tó bá Ìkòròdú pààlà, ni àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ bátìrì ọkọ̀ àtijọ́ láti fa òjé jáde wà, kò sì yẹ kí láàbù ilé-ìwé fi tirẹ̀ kún ti ilẹ̀. Ilẹ̀ wa níhìn-ín jẹ́ iyanrìn, kànga kò sì jìn. Gbé ìgò oníke kan kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì, kọ ÒJÉ sí i lára gàdàgbà, kí gbogbo ohun tí òjé kàn lọ sínú rẹ̀, àti omi àkọ́kọ́ tí o fi ṣan test tube náà. Nígbà tó bá kún, tíṣà rẹ ni kí o gbé e fún.

Ìlà funfun tí kálísíọ̀mù bá fi sílẹ̀ lára gíláàsì kì í lọ pẹ̀lú ọṣẹ. Fi hydrochloric acid díẹ̀ ṣàn án. Fọ dúrọ́pà kẹ́yìn, kí o sì yà wọ́n sọ́tọ̀: ti kọ́sítíìkì dúró sí ìgò kọ́sítíìkì, ti amóníà sí ìgò amóníà. Ẹ̀kán kọ́sítíìkì kan tó kù lẹ́nu dúrọ́pà tí o tì bọ inú amóníà ló ń mú kí ẹni tó jókòó tẹ̀lé ọ rí kálísíọ̀mù tó funfun níbi tí kò ti yẹ kó rí i.